Nítorí Ìtọ̀ Tanímọ̀la

Òkè-Ọ̀kà, Àkókó,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Fúnkẹ́ ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí ìwé gígùn báyìí lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lá. Kò sí ẹni tó kú. Ìyá rẹ wà dáadáa, ó ń yan ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi náà kò ju bó ṣe máa ń wà lọ. Mo tètè sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ìpayà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ mọ bí a ṣe ń fi í pamọ́ jù mí lọ.

Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Bí mo bá pè ọ́, ohùn mi á máa gbọ̀n, ìwọ á ní, "Dádì, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí?" ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nínú ìwé, ohùn ènìyàn kì í gbọ̀n. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tí o fẹ́ fi mú Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, sùn títí láé.

Láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ní in lọ́kàn láti jókòó kọ ìmọ̀ràn sí ọ, bí bàbá ṣe ń kọ ọ́ sí ọmọ tó bá ti dẹni ara rẹ̀. Mo ń sún un síwájú ni. Ọ̀rọ̀ ajá yìí ló wá fún mi ní bírò lọ́wọ́.

O mọ bí Ìyá Bọ́lá ti rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bọ́lá wà ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ajá tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣọdẹ ló kù tí ó ń bá a gbélé. Yorùbá ni ó ń bá gbogbo wa sọ ládùúgbò, ṣùgbọ́n èdè Ìkàrámù, èdè ilé bàbá rẹ̀, ló fi ń bá Tanímọ̀la sọ̀rọ̀. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ. N kò mọ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ènìyàn kì í bá ajá lásán sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó dé láti ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sọ ohun tí o wí fún wa: pé yúríà àti kiriatíníìnì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ga gan-an lára ajá, pé ìtọ̀ rẹ̀ sì ṣàn bí omi, pé àwọn méjèèjì jọ ń sọ pé kíndìnrín ti lọ. O ní kí ó mú un lọ sílé, kí ó máa fún un lómi, kí wọ́n jọ lo òpin ọ̀sẹ̀, kí ó sì mú un padà wá lọ́jọ́ Ajé kí ó lè sùn láìjìyà. Kò sunkún nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ó ní o di òun lọ́wọ́ mú, pé o kò kánjú lé òun jáde. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lónìí, lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tanímọ̀la tẹ̀ lé e, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Ìyá rẹ bu ẹ̀pà fún un.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ jẹ ẹ̀pà."

"Ọ̀fun mi kò gbà á, Ìyá Fúnkẹ́."

"Ajá ló ń ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ kò jẹun. Tí ẹ bá dé ọ̀hún lọ́la, dókítà kò ní mọ ẹni tí wọ́n mú wá fún un nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyá Bọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì mú ẹ̀pà mẹ́ta. Ìyá rẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í, bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn, títí ọ̀rọ̀ á fi sú wọn.

"Kí ló jẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn?"

"Ó lọ jẹ òkú ẹran kan lórí ààtàn. Láti ìgbà náà ló ti ń bì."

"Ó ń mu omi nígbà náà?"

"N kò fún un. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò ní ọsibítù, ṣebí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ, n kò gbọdọ̀ mu. Mo so ó mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́rú kí àyẹ̀wò náà lè mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ lọ, òjò kò jẹ́. Mo ní kò burú, kí ó kúkú gba ààwẹ̀ náà dé ọjọ́ Ẹtì."

Fúnkẹ́, mo rọra gbé ife omi mi sílẹ̀. Mo ní, "Ìtọ̀ ńkọ́, báwo lẹ ṣe rí i gbà?"

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ bi ìyàwó mi."

"Òótọ́ ni," ni ìyá rẹ wí.

"Ó kéré ni," ni Ìyá Bọ́lá wí. "Mo mú abọ́ tẹ̀ lé ajá yìí yí gbogbo ilé po, ìba díẹ̀ ló tọ̀, ó sì pọ́n bí tíì. Ojú tì mí láti gbé ìdí ìgò lásán lọ síwájú dókítà. Ọmọ wa ni, iṣẹ́ tuntun sì ni, kí àwọn tó wà níbẹ̀ má bàa ní irú èyí ló ń ti ilé rẹ̀ wá. Mo bá bu omi sí i."

"Omi wo?"

"Omi tó mọ́ ni o, Bàbá Fúnkẹ́. Omi tí èmi fúnra mi ń mu."

"Ó tó báwo?"

Ó fi ìka hàn mí lára ìgò. Ó dé ọrùn ìgò. Ìyá rẹ dẹ́kun bíbó ẹ̀pà.

Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, a kì í gbé abọ́ tí kò kún síwájú ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Bí ọbẹ̀ kò bá tó, a ó fi omi lé e, a ó sì bẹ̀bẹ̀. Ohun tí obìnrin yìí ṣe fún ọ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ló fi bu omi náà.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ. Ìwọ lo kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé o rántí nígbà tí o wálé fún ìsinmi, tí o ń fi àwa méjèèjì dánra wò nítorí ìdánwò? Ìyá rẹ ń sẹ́ ògì. O ní, "Dádì, ẹ wo asẹ́ yìí, kíndìnrín nìyẹn. Bí omi ògì kò bá kán sísàlẹ̀, ẹ má tíì ju asẹ́ nù. Ó lè jẹ́ pé màmá kò tíì da omi sí i. Ó lè jẹ́ asẹ́ gan-an ló ti bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ohun kan ló dí ìsàlẹ̀." Ìyá rẹ ní kí o yé fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ba ògì òun jẹ́. Ṣùgbọ́n ó yé mi lọ́jọ́ náà, kò sì kúrò lórí mi mọ́. Ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìgbésí ayé tèmi bá ọ sọ, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó wà.

Èkínní. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ akọ̀wé, ní àkókò ọyẹ́, mo lọ ro oko iṣu wa láti àárọ̀ dé ọ̀sán, orógbó ni mo ń jẹ lẹ́nu, n kò mu omi. Ní ọjọ́ kejì ni mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí wọ́n ti ní kí n wá ṣe. Wọ́n ní kiriatíníìnì mi ga. Mo bi ọmọ tó wà ní láàbù bóyá ó ga kọjá ààlà, ó ní, "Díẹ̀ ni, sà." Díẹ̀ yẹn ni n kò gbọ́. Kí n tó délé mo ti kú tán nínú ọkàn mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Èkó, mo fi ibi tí wọ́n máa sin mí sí yé e. Mo pín aṣọ mi. Mo fún àbúrò mi ní agbádá tó dára jù, kò sì dá a padà di òní. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ mu omi ná kí ẹ tó kú." Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí mo ti ń mu omi bó ṣe yẹ, kò sí nǹkankan. Ara tó gbẹ ni wọ́n ti yẹ̀ wò.

Nítorí náà ọmọ mi, bí nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ bá ga, ẹ̀sùn lásán ló ṣì jẹ́. Pe ìtọ̀ jáde kó wá jẹ́rìí. O sọ fún mi nígbà náà pé bí ara bá gbẹ tí kíndìnrín sì pé, kíndìnrín á di omi mú, ìtọ̀ á ki. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́, kò lè di omi mú mọ́, ìtọ̀ á máa ṣàn bí ara tilẹ̀ ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kán ìtọ̀ sí awò kékeré yẹn tí ẹ ń gbé sójú, láti mọ bó ṣe ki tó. Ohun tí o rí nínú awò náà lọ́jọ́ Ẹtì, òótọ́ lo rí. Ìtọ̀ náà ṣàn lóòótọ́. Omi ìkòkò Ìyá Bọ́lá lo rí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ti jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ kó tó wọlé, ẹni náà kò sì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, èyí sì ni ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, bàbá mi fún mi ní òbúkọ kan tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Mo fẹ́ kí ó sanra kí ọdún tó dé. Eèrí àgbàdo ni mo ń fún un láàárọ̀, eèrí lọ́sàn-án, koríko kò tó. Ní ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀yìn, ó ń fún ara bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́, ó ń ké. Mo ní ìgbẹ́ ló há a. Mo po iyọ̀ mọ́ epo, mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì ó dákẹ́, mo ní oògùn mi ti ṣiṣẹ́, mo tilẹ̀ fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí wọ́n là á, ìtọ̀ ló kún inú rẹ̀. Àpò ìtọ̀ ti bẹ́. Òkúta kéékèèké ló dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, àjẹjù eèrí ló sì fà á. Bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ òbúkọ náà wò kí ó tó kú, nọ́ńbà rẹ̀ ì bá ga, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí wọ́n bá mú akọ ẹran tó ń fún ara wá bá ọ, tí olówó ẹran sì ń búra pé ìgbẹ́ ni, fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá ó ń tọ̀. Má fi ọlọ́ràn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Irú mi ni.

Èyí tó kù, n kò mọ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí pé ó wà nínú ti èkínní. Béèrè bí nǹkan ṣe dé ọwọ́ rẹ. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìgò wo ni? Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ta ló gbà á, ilẹ̀ ni wọ́n ti gbé e ni, tàbí abọ́? Ẹran náà jẹ, ó mu? Àwọn ènìyàn wa kì í sọ ohun tí a kò bi wọ́n, pàápàá fún ẹni tó wọ aṣọ funfun. Bí o bá ń sọ Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, Ìyá Bọ́lá á ní "ẹ ṣeun dókítà" sí gbogbo rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Yorùbá tí àwa náà ń sọ kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Fà á jókòó. Bi í léèrè ọ̀nà ilé ná. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú bá ti fara balẹ̀, ẹnu á là.

Àmọ́ má bú u, Fúnkẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ jùlọ nìyí. Kò fẹ́ kí n kọ ọ́ sí ọ rárá. Ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kúkú gún un lábẹ́rẹ́. Ó sàn ju kí ọmọ yín gbọ́ pé mo tan òun jẹ." Wo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Obìnrin yìí fẹ́ràn kí ajá rẹ̀ kú ju kí ojú tì í lọ́dọ̀ rẹ, torí ìwọ ni ọmọ àdúgbò tó kọ́kọ́ di dókítà. Ìyá rẹ ló bá a sọ ọ́ títí ó fi gbà. Mo sì ti ṣèlérí fún un pé o kò ní gbé ohùn sókè. Má sọ mí di onírọ́.

Kí ìwọ náà má sì bú ara rẹ. Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ka ibi yìí, wàá máa ka iye ẹran tí o ti yẹ̀ wò láti ìgbà tí o débẹ̀, wàá máa rò ó bóyá wọ́n bu omi sí tiwọn náà. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ bí orí yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. O ṣe ohun tó yẹ kí o ṣe. O wo ẹ̀jẹ̀, o wo ìtọ̀, o pa wọ́n pọ̀. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ní kedere, kó tó di pé ẹlòmíràn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí o tún àyẹ̀wò méjèèjì ṣe. Ó ti ń mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí o ní kí wọ́n fún un, ìwọ lo mọ bí ìyẹn ṣe máa yí ìtọ̀ padà àti bí o ṣe máa kà á. Bí o bá sì fẹ́ fa omi sí i lára, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ìtọ̀ ni ẹ ń kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó gbé omi kọ́.

N kò ní kí o parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé kíndìnrín náà ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ajá náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì ti ń bẹ̀rù bóyá ìrètí òfo ni mo gbìn sí ọkàn opó. Bí àyẹ̀wò bá tún sọ ohun kan náà, tí ìtọ̀ tí kò lómi ìkòkò nínú bá ṣì ń ṣàn, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, ṣe ohun tó yẹ. Jẹ́ kí Ìyá Bọ́lá di orí rẹ̀ mú, kí ó fi èdè tirẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé àìsàn rẹ̀ ló pa á. Kí ìtìjú má pa á.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mo rò pé mo ti kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá ti dé. Ọlọ́kadà kan gbà láti gbé òun àti ajá dé ibùdókọ̀. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀pà wà nínú ọ̀rá dúdú, pé kí o má jẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ó tún ní kí o jẹun láàárọ̀.

Tanímọ̀la dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí géètì. N kò sọ pé ó ti yá. Ó dìde ni mo sọ. Ó gbóòórùn sáńdà mi, ó sì bojú wo ọ̀nà oko bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Bọ́lá ti gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí sínú ìgò tí ìyá rẹ ti fọ̀ tó sì ti gbẹ. Kò kán nǹkankan mọ́ ọn. Mo dúró tì í, mo rí i. Ó kéré púpọ̀, Fúnkẹ́, kò ju ìdí ìgò lọ, ó sì ti fi ìborùn rẹ̀ bò ó kí àwọn ará ọkọ̀ má bàa rí i. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i nísinsìnyí tí mo ń kọ èyí, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣé kò ní sọ pé ó kéré jù?"

Bí ó bá ti nà án sí ọ, kó o tó sọ ohunkóhun mìíràn, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o sì sọ fún un pé ó tó.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó jókòó ti fóònù.